Kòtò Wúrà Ìdí-Ọ̀gànwó

Théophile so okùn mọ́ ìdí igi ọ̀gànwó, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, ó tún kókó rẹ̀ so kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tan àtùpà kékeré kan, ó gbé e sínú korobá, ó sì ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí korobá fi fara kan ìsàlẹ̀ kòtò. Bí àtùpà bá kú níbẹ̀, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu kòtò, ó ń wo iná náà. Iná kò kú, kò sì gbọ̀n.

"Ó ń tàn," ló wí fún Barnabé, ẹni tó di igi yíyí tí wọ́n fi ń fa okùn mú. "Mò ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí bàbá mi àgbà nísàlẹ̀," Barnabé dáhùn. "Ẹ ní a ṣì wà níbi tó fi wá sí."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ ní Ìdí-Ọ̀gànwó, abúlé kékeré kan tó wà lẹ́yìn Kpankou, níbi tí ilẹ̀ Kétu tó tẹ́ pẹrẹsẹ ti ń rọra rẹlẹ̀ lọ. Kòtò tí wọ́n ń kó ilẹ̀ inú rẹ̀ jáde yìí ti wà láti ayé àwọn Faransé. Wúrà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n pa á tì, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sínú rẹ̀, àwọn ará abúlé sì ń da ilẹ̀, igi gbígbẹ àti pàǹtí sí i, títí ó fi kún dé ìdajì. Wúrà kọ́ ni wọ́n ń wá báyìí. Omi ni.

Iṣẹ́ títún pọ́ǹpù ṣe ni Théophile ń ṣe ní Kpankou. Kò sí ilé ìwé kankan tó ti kọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, láti ara kẹ̀kẹ́ ló bọ́ sí ara ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, ẹ̀rọ àgbàdo ló sì gbé e dé ìdí pọ́ǹpù. Bákan náà ló ṣe kọ́ gbogbo wọn: yóò tú nǹkan náà sí wẹ́wẹ́, yóò to ohun tó tú sórí ẹní bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn jáde, yóò sì jókòó tì wọ́n títí yóò fi mọ ìdí tí èyí fi ń ti ìyẹn. Nígbà tó bá mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ a dùn bí inú ẹni tí ìbátan rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

Ìdí tí wọ́n fi pè é ni ilé ìbímọ. Ilé oníyàrá méjì ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, obìnrin kan tó ń jẹ́ Reine sì ni sáàfámù tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Kí Reine tó dé, Kpankou ni wọ́n ń fi alùpùpù gbé aboyún lọ, lójú ọ̀nà tí àgbàrá ti là sí méjì. Ojú ọ̀nà yẹn ni Sandra, ìyàwó Barnabé, bí àkọ́bí rẹ̀ sí, lábẹ́ igi ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí, tí ẹni tó gbé e lórí alùpùpù sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó ń gbàdúrà. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ará abúlé tó ń fi ọ̀rọ̀ Reine ṣeré.

Omi nìkan ni Reine kò ní. Omi òjò tí wọ́n ń gbè sínú àgbá kì í pẹ́ tán bí ọyẹ́ bá ti dé, nígbà náà ni wọ́n á máa fi kẹ̀kẹ́ gbé omi inú kẹ́ẹ̀gì láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gá àwọn oníṣègùn tó ń bójú tó agbègbè náà bẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Ó bá Reine níbi tó ti ń fi ife wọn omi tó máa fi wẹ ìkókó. Ọkùnrin náà kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà, ó sì ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé ilé tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí láìsí omi lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ, òun kò sì lè gbé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́rùn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn bá dé tí omi kò tíì sí, òun yóò ti ilé náà, òun yóò sì gbé Reine lọ sí ìhà Pobè.

Wọ́n ti gbẹ́ fóráàjì, kànga tóóró tí ẹ̀rọ ń lu wọ ilẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ńlá ló gbẹ́ ẹ, eruku nìkan ló sì tú jáde. Ìgbà náà ni àwọn àgbà rántí kòtò wúrà, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ọmọ abúlé mọ̀: omi ló lé òyìnbó kúrò nínú rẹ̀.

Òyìnbó náà, Aláwo ni wọ́n ń pè é, nítorí àwo irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Inú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ abúlé ló ti bẹ̀rẹ̀. Yóò bu iyanrìn odò sínú àwo, yóò bu omi sí i, yóò máa mì í yípoyípo. Ohun tó fúyẹ́ á bá omi dànù, ohun tó wúwo á jókòó sísàlẹ̀. Wúrà sì wúwo ju gbogbo iyanrìn lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi kánjú jáde. Ó ń gòkè odò lọ, ó ń mi àwo, títí ó fi dé ibi tí wúrà ti tán nínú iyanrìn. Ó wá yí padà, ó sọ pé a jẹ́ pé ibi tó ti ń ṣàn wá kò ju òkè yìí lọ. Ó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ nídìí igi ọ̀gànwó. Ọdẹ́lẹ́yẹ, bàbá bàbá Barnabé, ni olórí àwọn tó gbẹ́ ẹ.

Inú Théophile máa ń dùn bó bá ń sọ̀rọ̀ àwo yẹn. Ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè fi ojú wá ohun tí ojú kò rí, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó yí padà.

Bí wọ́n ṣe ń kó ilẹ̀ jáde, Ìyá Barnabé a jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kòtò, yóò máa bó ẹ̀gẹ́, yóò sì máa ki oríkì ilé ọkọ rẹ̀ láti fi gbà wọ́n níyànjú. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn létí:

"Ọmọ a-gbẹ́lẹ̀-má-bẹ̀rù.
Ó gbẹ́ ilẹ̀ dúdú, ó kan yangí,
ó gbẹ́ yangí, ó kan ẹfun,
ó gbẹ́ ẹfun, ó kan òkúta jíjẹrà tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja,
ó gbẹ́ jíjẹrà, ó kan akọ òkúta.
Iṣan funfun wà lára akọ òkúta,
wúrà sùn sínú funfun bí ẹyin sínú ìtẹ́.
Omi ló lé òyìnbó lọ,
omi kò lé ọmọ onílé."

Théophile kọ́kọ́ rò pé ìwúrí lásán ni. Ọjọ́ kan ló wà nísàlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ gbá ògiri kòtò mọ́, tó sì ń gbọ́ ohùn ìyá náà lókè, ló bá rí i pé ohun tí ìyá ń kì ni òun ń fọwọ́ kàn. Yangí pupa wà lókè, ó le koko, ó rí kòròkòrò bí ilé ikán. Ẹfun tẹ̀lé e, ó rọ̀, ó ń mọ́ ọwọ́. Nísàlẹ̀ ẹfun ni òkúta tí òjò àtayébáyé ti jẹ tán, èèyàn lè fi èékánná ha á, ó sì ń kọ mànà nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Ó kígbe sókè pé kí Barnabé gbé òun jáde.

"Ìyá yín ń ka ilẹ̀ fún wa," ló wí nígbà tó dé òkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹsẹẹsẹ ni ó wà. Kò yẹ̀."

Ìyá Barnabé bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ó wí pé òun kò mọ ilẹ̀ kankan kà, ilé ọkọ òun lòun ń kì.

Láti ọjọ́ yẹn ni Théophile ti ń fi oríkì náà darí iṣẹ́. Ó rí i pé ẹfun rọ̀, ó sì kọ́kọ́ fi pákó gbá a kó má baà ya lù wọ́n. Ó mọ̀ pé akọ òkúta yóò tẹ̀lé òkúta jíjẹrà, kò sì kó ṣọ́bìrì dání wá sí ibi tó yẹ kó kó òòlù wá. Nígbà tí wọ́n kan akọ òkúta, tí àtùpà sì fi iṣan funfun kan hàn, tó dúró gbọọrọ lára òkúta dúdú bí àpá ọgbẹ́ tó ti jinná, gbogbo abúlé ló wá sẹ́nu kòtò. Wọ́n fa òkúta funfun díẹ̀ sókè fún àwọn ènìyàn láti wò. Théophile lọ ọ́ lúbúlúbú, ó fi àwo ṣàn án bí Aláwo ti ṣe. Nígbà tó ṣàn án tán, ohun tó kù sídìí àwo kò tó ohun tó lè bo èékánná ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó sì ń tàn. Wọ́n gbé e yípo, olúkúlùkù wò ó. Ìyá arúgbó kan béèrè bóyá nítorí èyí ni òyìnbó ṣe ti òkun wá.

Omi ló yẹ kó tẹ̀lé e. Omi kò sí.

Wọ́n gbá ìsàlẹ̀ kòtò mọ́ tónítóní. Akọ òkúta ló wà níbẹ̀, ó gbẹ bí orí àwo. Wọ́n dúró di ọjọ́ kejì, bóyá omi yóò sun. Eruku ni wọ́n bá. Òjò àrọ̀kẹ́yìn sì ti ń dín kù. Koríko etí ọ̀nà ti ń pọ́n.

Barnabé jókòó sórí òkìtì ilẹ̀ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà jáde. Oyún Sandra ti wọ oṣù keje. Nígbà tó yá, Barnabé ní bóyá ìtàn tí wọ́n sọ fún àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ omi yẹn, bóyá ojú ló ti àwọn bàbá láti sọ pé wúrà ló tán. Reine náà wá sẹ́nu kòtò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó kí wọn kú làálàá, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Àwọn tó rí i sọ pé ó ti ń kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Ohun tó ń da Théophile láàmú ni pé ibòmíràn kò yẹ̀. Yangí wà níbi tí oríkì fi í sí, ẹfun wà, òkúta jíjẹrà wà, iṣan funfun wà. Ẹni tó sọ òótọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ló dé tó máa fi parọ́ ní ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn? Ó lọ jókòó ti Ìyá Barnabé nídìí ẹ̀gẹ́, òun náà mú ọ̀bẹ, ó ń bá a bó o. Ó bẹ ìyá náà kó tún oríkì kì fún òun, kó rọra kì í.

Ìyá kì í. Théophile ní kó tún kì í. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ọmọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn ni, ó sì tún kì í. Lẹ́yìn tó dé ibi tí wúrà ti sùn bí ẹyin sínú ìtẹ́, ó húkọ́ díẹ̀, ó fi ọ̀bẹ kan etí agbọ̀n, ó wá bọ́ sí omi tó lé òyìnbó lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tún húkọ́ níbẹ̀. Théophile ti gbọ́ irú ohùn yẹn rí lára ẹ̀ńjìnnì tí ọ̀kan nínú iná rẹ̀ kò mú: ó ń lọ, ó ń lọ, ó sì ń fo ibì kan náà ṣáá.

"Ìyá mi," ló wí, "kí ló wà níbi ikọ́ yẹn?"

Ìyá Barnabé gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán kó tó dáhùn.

"Ẹnu mi kò tó ibẹ̀. Orúkọ bàbá ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà."

Kò tún nílò àlàyé. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, kì í sì í pe ti ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé, ìbáà ṣe ọmọ kékeré. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fi dá wọn lọ́lá ló máa ń pè wọ́n. Bàbá Onírùngbọ̀n ni Ìyá Barnabé ń pe Ọdẹ́lẹ́yẹ nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì kì í gba pààrọ̀. Ibi tí orúkọ bá ti wà lórí ọ̀rọ̀, ìyàwó rere a gbé ọ̀rọ̀ náà jẹ látòkè délẹ̀. Ó ti ń gbé e jẹ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, àwọn ọmọ sì kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Barnabé, tó ti wá dúró tì wọ́n, la ẹnu sílẹ̀.

"Èmi pàápàá máa ń húkọ́ níbẹ̀," ló wí. "Mo rò pé ikọ́ náà wà nínú oríkì ni."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Théophile bi í bóyá kò lè fi ọ̀rọ̀ lásán sọ ohun tó wà níbẹ̀, láìki orúkọ. Ìyá gbọn orí. Ó ti pẹ́ tó ti ń fò ó débi pé kò mọ̀ ọ́n délẹ̀ mọ́. Amọ̀ wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, ohun tó kù sì ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ lọ pe ọkọ mi wá," ló wí. "Ọmọ onílé ni. Kò sí orúkọ tí ẹnu rẹ̀ kò gbà."

Ẹni tó ń pè ní ọkọ ni Ìyá Célestine, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, obìnrin tí wọ́n gbé níyàwó lọ sí Odomèta nígbà tó wà lọ́mọge. Barnabé gbéra, ó lọ mú un wá. Ní ọjọ́ kejì ni ìyá arúgbó náà dé lẹ́yìn alùpùpù, ó fi ìborí dì mọ́ orí gírígírí nítorí eruku, ó mú ọ̀pá dání. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó mi dà? Mo gbọ́ pé o fi bàbá mi pamọ́ sínú ikọ́."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," Ìyá Barnabé wí, ó kúnlẹ̀ tòun ti arúgbó ara rẹ̀. "Ìwà ni mo hù. Ẹ̀yin ni ẹ kò wá kí mi kí ẹ sì tún un ṣe."

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọ́n fún un lómi díẹ̀ mu nínú èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un dé ẹnu kòtò, ó fi ọwọ́ kan igi ọ̀gànwó, ó sì kì í bí wọ́n ṣe ń kì í nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó dé ibi ikọ́, kò dúró:

"Ọdẹ́lẹ́yẹ, a-famọ̀-dí-omi-lẹ́nu,
ó fi ìtì ìrókò tì í láyà,
ó ní: dákẹ́ níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ,
ọjọ́ tí a ó pè ọ́ ń bọ̀."

Ìyá Célestine wá fi ọ̀rọ̀ lásán sọ ìyókù, bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Iṣan funfun náà yí sí ìhà ìlà oòrùn, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe lù ú ni omi ya lù wọ́n. Àwọn ọkùnrin wà nísàlẹ̀. Ọdẹ́lẹ́yẹ kó amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ó ń gbá a sẹ́nu ihò náà títí wọ́n fi sọ ìtì ìrókò sí i láti òkè, ó fi tì í, gbogbo wọn sì jáde láàyè. Ó tún padà wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó rẹ́ ẹ kó má tún ya. Aláwo wò ó, ó rí i pé ibi tí omi wà ni wúrà bá lọ, kò sì sí bí òun ṣe lè bá a débẹ̀. Ó kó àwo rẹ̀, ó lọ.

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wá tò sórí ẹní fún Théophile. Akọ òkúta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ lórí rẹ̀ a máa wá ibi tó sán, inú sísán náà ni yóò sì máa gbà kọjá, nígbà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan funfun gan-an. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ibi tó sán, òkúta odindi ni yóò bá, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi tó. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n gbẹ́ fóráàjì méjèèjì sí.

Ó padà wọ kòtò. Ó fi orí òòlù ń kan ògiri ìhà ìlà oòrùn, díẹ̀díẹ̀, láti apá kan dé apá kejì. Òkúta ń dún kán, kán. Ó dé ibì kan, ó dún bò. Ó gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ènìyàn ló rẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ náà sì mọṣẹ́ débi pé ó bá òkúta dọ́gba, eruku sì ti sọ ọ́ di dúdú bí òkúta. Théophile fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó tutù.

Barnabé fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá irin là á. Théophile kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tó fẹ́ pa ọkùnrin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé ìjelòó, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń já ilẹ̀kùn mọ́. Ó padà sí Kpankou, ó wá irin ìlugi gígùn kan, páìpù irin kan tó lè gba inú ihò tí irin náà bá lu, àti rọ́bìnẹ́ tó lágbára, tó dì mọ́ ẹnu páìpù láti máa ṣí omi àti láti máa tì í. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ní kí ọkùnrin mẹ́rin dúró tì í lókè, kí wọ́n má sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí irin náà wọnú amọ̀.

Amọ̀ kọ́kọ́ jáde ní gbígbẹ, ó sì ń rọ̀ bó ti ń jinlẹ̀. Irin kan igi. Ìrókò náà ṣì le. Òórùn rẹ̀ jáde bí ẹni pé lánàá ni wọ́n gé e. Théophile yí irin, ó sinmi, ó tún yí i. Lójijì, irin náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń tì í padà. Ó fà á yọ, omi pupa ta sí i láyà, ó ti páìpù bọ ihò, ó fi òòlù gbá a wọlé, ó fi amọ̀ àti aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti rọ́bìnẹ́. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n?" Barnabé pè láti òkè.

Théophile ṣí rọ́bìnẹ́ díẹ̀. Omi náà pupa, ó di funfun bí omi ògì, nígbà tó yá ó mọ́ lóló. Ó bù ú sínú korobá, ó ju okùn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n fà á. Ohun tó gbọ́ lẹ́yìn náà láti òkè kì í ṣe ariwo. Ìyá Célestine ló ń ki bàbá rẹ̀, Ìyá Barnabé sì ń gbè é lẹ́yìn níbi tí ẹnu rẹ̀ tó.

Reine kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Ó ti gbọ́ pé òkúta tó bá gbé wúrà máa ń gbé májèlé pẹ̀lú nígbà mìíràn, omi a sì yọ́ ọ mu láìsí òórùn, láìsí àwọ̀. Ó bu omi náà sínú ìgò tó ti sè, ó gbé e lọ sí Cotonou fún àyẹ̀wò, ó sì ní kí ewúrẹ́ pàápàá má tọ́ ọ wò. Wọ́n dúró. Kò sí ẹni tó jí i mu, nítorí Reine ló ní kí wọ́n má mu ún. Èsì dé pé omi náà dára, májèlé kò sí níbẹ̀ tó ohun tó lè pani lára. Irin nìkan ló pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa jẹ́ kó gba inú iyanrìn kọjá.

Théophile fẹ́ràn apá yẹn nínú iṣẹ́ náà jù. Ó fi símẹ́ńtì mọ àgbá gíga kan, ó to òkúta sísàlẹ̀ rẹ̀, ó da iyanrìn oníhóró ńlá lé e, ó fi iyanrìn lẹ́búlẹ́bú bo òkè. Omi a ta sókè rẹ̀ kó gba afẹ́fẹ́ díẹ̀, irin inú rẹ̀ a sì pọ́n bí ìpẹtà, a dì mọ́ iyanrìn. Ohun tó bá dé ìsàlẹ̀ ni omi mímu. Bí iyanrìn bá ti pọ́n jù, kí wọ́n ha òkè rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ó kọ́ àwọn obìnrin abúlé, ó sì jẹ́ kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un tò lójú òun. Ó fi pákó ìbílẹ̀ àti símẹ́ńtì pa ẹnu kòtò dé, ó gbé pọ́ǹpù lé e, ó fa páìpù gba abẹ́ ilẹ̀ dé ilé ìbímọ. Abúlé fi ọwọ́ àti oúnjẹ ṣe ìyókù. Àwọn ará Adakplamè tó gbọ́ wá fi ọjọ́ ọjà wọn gbẹ́ ilẹ̀ páìpù.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí ọ̀gá oníṣègùn tún dé. Reine mú un wọ yàrá ìgbẹ̀bí, ó yí rọ́bìnẹ́ ara ògiri. Ọkùnrin náà wò ó. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó mú ọṣẹ, ó fọ ọwọ́, ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Ó béèrè ibi tí omi náà ti wá, wọ́n sì mú un lọ kí Ìyá Célestine, ẹni tí kò tíì padà sí Odomèta nítorí ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Théophile. Kó tó wọ ọkọ̀ ló sọ fún àwọn àgbà pé òun kò ní ti ilé náà, Reine kò sì ní lọ síbi kankan. Reine tú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an ni Sandra bí, nínú yàrá funfun, lórí ibùsùn, pẹ̀lú omi gbígbóná nínú ọpọ́n ńlá méjì. Obìnrin ni. Reine jáde síta, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó pe Barnabé wọlé. Théophile wà nídìí àgbá iyanrìn, ó ń ha ìpẹtà kúrò lórí rẹ̀, nígbà tí Barnabé gbé ọmọ náà wá bá a. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù, ó sì gbà á.

Kí ọ̀gbẹlẹ̀ náà tó parí, aboyún láti abúlé mìíràn ti ń wá bí sí Ìdí-Ọ̀gànwó. Iṣu àti gààrí tí àwọn ọkọ wọn ń gbé wá fún Théophile kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Kpankou, ìyàwó rẹ̀ sì ń pín in fún àwọn aládùúgbò.